Ọmọ Ilé Ni Ọ́ Tàbí Ìwọ̀fà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Jíjẹ́ Ọmọ Ọlọ́run àti Ìránṣẹ́ Rẹ̀

Aránṣọ ni mí nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Táàkì. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, èmi ni mo máa ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà nínú ìjọ wa. Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú kíláàsì náà: bí Ọlọ́run bá ti sọ wá dọmọ, kí ló dé tí a tún ń pe ara wa ní ìránṣẹ́? Àwọn kan máa ń bi mí lójú gbogbo èèyàn. Àwọn mìíràn á dúró dìgbà tí wọ́n bá gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá ń wọn èjìká wọn lọ́wọ́ ni wọ́n á tó là á. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, pẹ̀lú ohun tí mo fi dá wọn lóhùn, àti díẹ̀ tó sọ sí mi lọ́kàn lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ tán.

Mọ́mì, ẹ mú ọ̀kan fún wa: ọmọ ni wá ni, àbí ìránṣẹ́?

Méjèèjì. Ọmọ ni ohun tí a jẹ́. Ìsìn ni ohun tí ọmọ ń ṣe nílé bàbá rẹ̀. Kò tiẹ̀ yẹ kí ìbéèrè yìí da Yorùbá láàmú. Ọmọ wo la bí nílẹ̀ yìí tí kì í gbálẹ̀? Ilẹ̀ ò ní í tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti na ìgbálẹ̀ sí i. Á pọnmi, á fọ abọ́ àná, lẹ́yìn náà ẹnì kan á tún pè é pé kó sáré lọ ra iyọ̀ wá. Ọmọ tí wọ́n fọkàn tán jù ni wọ́n sì ń rán jù. Àlejò ni wọ́n ń sọ fún pé "ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu". Tó o bá dé ilé kan, tó o lo oṣù kan níbẹ̀, tí wọn ò tíì jẹ́ kó o fọwọ́ kan abọ́, wọn ò tíì kà ọ́ mọ́ ilé nìyẹn.

Wòlíì Málákì ò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ní Ọlọ́run yóò dá àwọn èèyàn rẹ̀ sí bí èèyàn ṣe ń dá ọmọ rẹ̀ tó ń sìn ín sí (Málákì 3:17). Ọmọ tó ń sìn. Kò sí "tàbí" níbẹ̀.

Ẹrú, ìránṣẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀, alágbàṣe: ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn nínú Bíbélì?

Rárá o, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́.

Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, doulos. Ẹrú gan-an ló túmọ̀ sí, ẹni tí olówó ní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, aṣọ mẹ́ta ló wọ̀ nínú Bíbélì Yorùbá. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń ki àwọn ará Róòmù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, "ìránṣẹ́" ló jẹ́. Tó o bá dé orí kẹfà ìwé kan náà, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ àti òdodo, ó ti di "ẹrú". Ní Jòhánù 15:15, "ọmọ ọ̀dọ̀" ni. Alágbàṣe tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni Gíríìkì ń lò fún un.

Ìtumọ̀ "ìránṣẹ́" ò le létí wa. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ni, ọmọ ọba pàápàá lè jẹ́ ìránṣẹ́. Àwọn òbí ń sọ ọmọ wọn ní Ìránṣẹ́olúwa, mo sì ti rán aṣọ ìsọmọlórúkọ fún irú wọn. Mi ò tíì rán ti Ẹrúolúwa. Torí náà, nígbà tí a bá ka "Pọ́ọ̀lù, ìránṣẹ́ Jésù Kristi", oyè ni etí wa ń gbọ́. Àwọn ará Róòmù tó kọ́kọ́ gba ìwé náà ò gbọ́ oyè. Ẹrú wà nínú ilé wọn, ẹrú wà lójú títì, àwọn mìíràn nínú ìjọ pàápàá, ẹrú ni wọ́n.

Ẹni tó ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá ò ní láti béèrè ohun tí ẹrú ń jẹ́. Ọmọ Òṣogùn ni Samuel Àjàyí Crowther, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí náà. Ọdún 1821 ni wọ́n kó ìlú wọn, tí wọ́n so òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lókùn. Wọ́n tà á ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Nígbà kan, ẹṣin ni wọ́n fi í pààrọ̀. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn mìíràn sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró. Ó di àlùfáà ní 1843. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé Róòmù tó túmọ̀ sí Yorùbá jáde; odindi Bíbélì jáde ní 1884. Ẹ wá wò ó: ẹni tí wọ́n ti fi pààrọ̀ ẹṣin rí, tí ìyá rẹ̀ sì ti tún pè ní "ọmọ mi", òun ló jókòó ti orí kẹjọ ìwé Róòmù, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé a ò gba ẹ̀mí ẹrú láti tún máa bẹ̀rù, ẹ̀mí ìsọdọmọ la gbà. Tí mo bá ń ka ibẹ̀ fún kíláàsì, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú.

Ẹ máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe ẹrú, a kì í sì í ṣe ọmọ, pé ìwọ̀fà ni wá. Kí lẹ ní lọ́kàn?

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìwọ̀fà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láyé àtijọ́, bí èèyàn bá fẹ́ yá owó ńlá, bóyá owó òkú tàbí owó ìyàwó, á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ onílé ni, olówó ò gbọdọ̀ tà á. Ṣùgbọ́n á máa lọ ro oko olówó. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa rẹ̀ nìyí: iṣẹ́ tó ń ṣe kì í dín gbèsè kù. Èlé ni iṣẹ́ náà. Bó ro oko náà fún ogún ọdún, ojú owó ṣì wà níbẹ̀ gbọnrangandan, kọ́bọ̀ ò yẹ̀ lára rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá kó ojú owó dé ló tó bọ́.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí kì í pa Sátidé kan jẹ. Kó tó di aago méje òwúrọ̀ ó ti gbá inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti nu àga, ó ti fa ewé máńgòrò tó já bọ́ sí ẹnu ọ̀nà kúrò. Bí òjò rọ̀, ó ń bọ̀. Bí ara rẹ̀ ò yá, ó ń bọ̀. A máa ń yìn ín, èmi náà yìn ín. Lọ́jọ́ kan ó wá gba aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì sọ fún mi pé nǹkan kan wà tí òun ṣe nígbà ọ̀dọ́ òun, pé láti ọjọ́ náà ni òun ti ń gbálẹ̀. Mo bi í pé, "Èló ló wá kù báyìí?" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó jókòó sórí àpótí, kò lè dìde fún ìgbà pípẹ́.

Èlé ló ti ń san. Bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti kó ojú owó dé. Ohun tí àgbélébùú jẹ́ nìyẹn, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ohun tí à ń kọrin sí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀yin tó ń gbààwẹ̀ torí oyún tẹ́ ẹ ṣẹ́, ẹ̀yin tó ń fún ìjọ lówó torí ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà rí owó náà, ẹ̀yin tó ń kọ́ Sọ́ńdè sùkúù nítorí pé ẹ ò fẹ́ kí Ọlọ́run rántí nǹkan kan, ẹ lọ béèrè ìwé gbèsè yín. Wọ́n ti ya á.

Arábìnrin náà ò fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ o. Ó lo oṣù méjì nílé, ó ń sùn ní Sátidé. Nígbà tó padà dé, aago mẹ́jọ ló ń dé, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án, ó sì máa ń mú ẹ̀pà dání.

Jésù ní òun ò pè wá ní ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́. Pọ́ọ̀lù sì pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́. Ta ni ká gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?

Ka ẹsẹ náà tán. Jésù sọ ìdí rẹ̀: ọmọ ọ̀dọ̀ ò mọ ohun tí olúwa rẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí òun gbọ́ lọ́dọ̀ Baba ni òun ti sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ inú ilé ni. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ iṣẹ́ mọ̀ pé mo ní kó gé aṣọ ní íńṣì mẹ́rìnlá. Ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ náà mọ ẹni tó ni aṣọ, ó mọ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó mọ̀ pé ìyá ìyàwó ò tíì san owó tó kù àti ìdí tí mi ò fi ní í béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn.

Jésù kan náà, ẹsẹ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, tún rán wọn létí pé ọmọ ọ̀dọ̀ ò tóbi ju olúwa rẹ̀ lọ. Pọ́ọ̀lù náà, nínú ìwé kan náà tó ti kọ ọ́ sí àwọn ará Gálátíà pé "ìwọ kì í ṣe ẹrú mọ́, bí kò ṣe ọmọ" (4:7), ó ti pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ Kristi ní orí kìíní (1:10). Kò gbàgbé. Ẹni tó dá lójú pé ọmọ ilé lòun ló lè fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ẹrú kó má ta á lára.

Òfin Mósè náà ní irú rẹ̀. Ẹrú tó jẹ́ Hébérù, ní ọdún keje ó di òmìnira, kò san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní "mo fẹ́ràn olúwa mi, mi ò lọ", wọ́n á mú un lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n á fi irin ṣóńṣó lu etí rẹ̀, á sì wà níbẹ̀ títí ayé (Ẹ́kísódù 21:5-6). Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún un. Òun ló ní òun ń gbé.

Mo ti ka yunifásítì tán. Ìjọ ní kí n wà lára àwọn tó ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Mọ́mì, kò ha rẹ̀ mí sílẹ̀ jù?

LAUTECH lo ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo mọ̀, o ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí wọ́n bá rán ní ọ̀rọ̀ burúkú ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún, pé kó fi ọgbọ́n jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó bá búrọ́ọ̀ṣì àti Izal mu dáadáa. Iṣẹ́ ló jẹ́ ti ẹrú, ìwọ kọ́.

Wo bí Jòhánù ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní orí 13. Ó ní Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lòun ti wá, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lòun sì ń lọ. Ohun tó tẹ̀ lé ìyẹn ni pé ó dìde nídìí oúnjẹ, ó bọ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi aṣọ ìnura di ara rẹ̀ lámùrè, ó bu omi sínú bàsíà. Ẹsẹ̀ tó rin eruku lójú ọ̀nà. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà tó fọwọ́ kan omi, nítorí pé gbogbo wọn ṣì ń bá ara wọn du ẹni tó tóbi jù. Ẹni tó mọ ibi tó ti wá nìkan lọ́wọ́ rẹ̀ ò wúwo.

Pásítọ̀ wa ní ẹni tí kò bá sin òun ò lè rí ìbùkún. Àwọn ọ̀dọ́ ń fọ aṣọ rẹ̀, wọ́n ń fọ ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ń lọ sí oko rẹ̀. Ṣé ìsìn náà nìyẹn?

Ríran àgbà lọ́wọ́ ò burú. Wọ́n kọ́ wa pé bí a bá rí àgbà tó gbé ẹrù, ká gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń dúró béèrè bóyá pásítọ̀ ni. Bí ọmọ kan bá fẹ́ràn pásítọ̀ rẹ̀, tó ní òun á bá wọn fọ ọkọ̀, kó fọ̀ ọ́.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni "ẹni tí kò bá". Bí ìbùkún bá ti di ohun tí wọ́n ń fi iṣẹ́ oko rà, pásítọ̀ náà ti sọ ọmọ ẹlòmíràn di ìwọ̀fà ara rẹ̀, àti pé lórí gbèsè tí kì í ṣe òun ló yá wọn. Pétérù, tó jẹ́ alàgbà fúnra rẹ̀, kọ̀ fún àwọn olùṣọ́ àgùntàn láti máa ṣe olúwa lórí agbo (1 Pétérù 5:3). Ọ̀nà kan wà tí o fi lè yẹ̀ ẹ́ wò: lọ́sẹ̀ tí o bá sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní í lè wá", ṣé wọ́n ṣì ń dá ọ lóhùn bí o bá kí wọn?

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi wa náà wà níbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898, tí a bá ti ní "ìránṣẹ́ Ọlọ́run", ẹni tó wọ kóòtù lójú wa ń wá. Tiṣà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ta láfún lọ́jà, kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀, inú ìlú yìí kan náà ni dókítà kan, George Green, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní 1907, iṣẹ́ náà ló sì di ilé ìwòsàn ńlá tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀rọ̀ tún wà ní òdìkejì: Ṣọ̀ún tó wà lórí oyè báyìí, Ọba Ghandi Afọlábí Ọláoyè, pásítọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó gorí oyè ní 2023. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìránṣẹ́ nínú ìjọ, ọmọ ọba ni wọ́n. Èyí ò lé èyí jáde.

Ọmọ ni mí, ohun gbogbo tí Baba ní, tèmi ni. Kí ni mo tún fẹ́ ṣiṣẹ́ sí?

Bàbá kan ní ọmọ méjì, ó ní kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà lónìí. Mátíù 21:28. "Ọmọ, lọ ṣiṣẹ́" ló sọ. Gbólóhùn kan ni.

Mo ti ń sìn nínú ìjọ láti ọdún 30. Ẹni tó dé lánàá ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, ìyá ìjọ?

Bàbá, ẹ máà bínú sí mi, ẹ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n Lúùkù 15 ni ẹ ń kà sí mi létí yẹn.

Ọmọ méjèèjì tó wà nínú ìtàn náà ló ní àìsàn kan náà. Àbúrò tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè ti há ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sórí lójú ọ̀nà: mo ti ṣẹ̀, mi ò yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní ọmọ yín mọ́, ẹ fi mí ṣe ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe yín. Ẹ lọ wò ó dáadáa. Nígbà tó dé iwájú bàbá rẹ̀, ó sọ ti àkọ́kọ́, ó sọ ìkejì, kò dé orí ọ̀rọ̀ alágbàṣe. Bàbá ti já a lẹ́nu, ó ti ń pariwo pé kí wọ́n gbé aṣọ tó dáa jù wá, kí wọ́n fi òrùka sí i lọ́wọ́. Ẹgbọrọ màlúù àbọ́pa ti wà lójú iná kó tó rí àyè parí àdúrà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Kò kúrò nílé rí. Ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "láti ọdún mélòó wọ̀nyí wá ni mo ti ń sìn ọ́". Ọ̀rọ̀ ìsìn tó lò yẹn, láti inú doulos ni Gíríìkì ti fà á yọ. Ìsìnrú ni. Ó wà nínú ilé bàbá rẹ̀, ó ń ka ọdún bí ọmọ iṣẹ́ tó ń ka oṣù tó kù kó ṣe frídọ̀ọ̀mù, ó sì ń wo ewúrẹ́ tí wọn ò fún un. Bàbá ò bínú. Ó jáde wá bá a níta gẹ́gẹ́ bó ṣe sáré jáde lọ pàdé àbúrò. Ó kọ́kọ́ pè é ní "ọmọ". Lẹ́yìn náà ló wá ní ohun gbogbo tí òun ní, tirẹ̀ ni.

Ìtàn náà ò sọ bóyá ó wọlé. Bàbá mi, àwa la wà níta yẹn.

Ọmọ kì í ha bẹ̀rù? Wọ́n ń sọ báyìí pé kí á máa bá Ọlọ́run ṣeré bí ẹgbẹ́ wa.

Ọmọ Yorùbá tó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ò rò pé bàbá fẹ́ ta òun. Ẹ̀rù tí Pọ́ọ̀lù ní a ò gbà mọ́ ni ẹ̀rù ẹni tó lè tà ọ́. Ẹ máa kúnlẹ̀ o jàre.

Mo tún ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ṣé mo ti padà di ẹrú?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Léèsì oníbàárà kan jóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kan. Ibi tó jó ò ju ìdérí ìgò lọ, mo lè fi òdòdó bò ó kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ó ká a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpò tí à ń kó gígékù aṣọ sí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá léèsì náà. Mo bi í, ó ní òun ò rí i. Mo fura sí àwọn oníbàárà, Ọlọ́run dárí jì mí. Lọ́jọ́ kẹrin ni mo tú àpò náà. Nígbà tí mo gbé e jáde, ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ó rò pé màá fi oṣù mẹ́fà kún ti frídọ̀ọ̀mù rẹ̀ ni, tàbí pé màá lé e lọ sílé.

Lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ tí mo bí náà ti jó aṣọ. Áńkárá ni tirẹ̀, àárín àyà gan-an ló jó, kò ní àtúnṣe. Èéfín ò tíì tán lára rẹ̀ tó fi gbé e lọ́wọ́ méjèèjì bọ̀ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń ké: "Mọ́mì, mo ti bà á jẹ́ o!" Mo gbá a létí. Òtítọ́ ni mo ń sọ. Mo ra áńkárá mìíràn, lálẹ́ ọjọ́ náà a jọ jẹ àmàlà nínú abọ́ kan, ẹkún ṣì wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń bọ ọwọ́ sínú ọbẹ̀.

Àwọn méjèèjì jó aṣọ. Ibi tí kálukú gbé e gbà ló yàtọ̀.

Torí náà, rárá, o ò padà di ẹrú. Jésù ní ẹrú kì í gbé ilé títí, ọmọ ló ń gbé ilé títí (Jòhánù 8:35). Gbé aṣọ tó jó náà bọ̀. Bí ó bá gba ìbáwí, Hébérù orí 12 ní ọmọ ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n má fi ṣeré o; Róòmù 6:16 ò yí padà: ẹni tí o bá ń gbọ́ràn sí lẹ́nu lójoojúmọ́, ẹrú rẹ̀ lo ń dà, orúkọ yòówù kó o máa jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí. Kì í ṣe léèsì. Mo ń bi ara mi pé kí ni mo ti ṣe tí ọmọ ọlọ́mọ fi rò pé àpò gígékù aṣọ sàn ju iwájú mi lọ.

Bàbá tó bí mi, igi ló fi ń nà mí. Bí wọ́n bá ní "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run", inú mi máa ń ru.

Má fipá pe orúkọ náà. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o bá lè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn nínú Sáàmù ló ń pe Ọlọ́run ní àpáta tàbí ibi ìsádi. Bàbá rẹ kọ́ lo máa fi wọn Ọlọ́run, bàbá rẹ ló yẹ kí á fi Ọlọ́run wọ̀n, kò sì tó. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìgbésí ayé rẹ tó gbà ọ́ sílẹ̀ nígbà náà, bóyá ìyá àgbà tàbí tiṣà kan, rántí ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí o bá ń gbàdúrà.

Ọmọ àgbàtọ́ ṣáá ni wá. Ṣé a lè dé ibi tí ọmọ bíbí dé? Àwa obìnrin ńkọ́?

Nígbà ayé Pọ́ọ̀lù, bí ará Róòmù bá sọ ẹnì kan dọmọ, òfin ò tún ka ẹni náà sí ti ilé tó ti wá. Ó gba orúkọ tuntun, ó sì di àrólé. Augustus tó ń ṣe olú ọba nígbà tí wọ́n bí Jésù, ọmọ àgbàtọ́ Julius Caesar ni. Nípa ìsọdọmọ ló fi jogún rẹ̀. Kò sí ẹnì kan ní Róòmù tó lè wò ó lójú kó ní kì í ṣe ọmọ.

Ti obìnrin, Yorùbá ti bá wa yanjú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Gíríìkì ń lò fún ìsọdọmọ, "ọmọkùnrin" ló wà nídìí rẹ̀. Tiwa, ọmọ ni. Ọmọ ò ní akọ, kò ní abo.

Nínú àdúrà, èwo ni kí n kọ́kọ́ pè é: Baba ni àbí Olúwa?

Àdúrà tí Jésù kọ́ wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Baba wa". Kò tíì dé ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó fi ní kí ìjọba rẹ̀ dé, kí ìfẹ́ rẹ̀ di ṣíṣe. Nínú ọgbà Gẹtisémánì náà, "Ábà, Baba" ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó gbà láti ṣe ohun tí Baba fẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí mo jẹ́, ọmọ tàbí ìwọ̀fà?

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ lọ́jọ́ tí o ò lè ṣiṣẹ́.

Àìsàn kan dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà kan. Mi ò lè kọ́ kíláàsì, mi ò lè lọ sí ìpàdé àdúrà, ẹlòmíràn ló ń dúró fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí láti gbàdúrà. Mi ò dẹ́ṣẹ̀ kankan o. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé ọwọ́ òfo ni mo fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní Róòmù orí 8 láti ọdún mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti ń san èlé, láìmọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti wá rí ìdáhùn mi, nígbà tí ara mi ń bọ̀ sípò tí mo kàn ń jókòó síbẹ̀ wo àwọn ọmọ. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá mú, àwọn ọmọ iṣẹ́ á fojú ṣe akin, wọ́n á máa tẹ máṣíìnì lọ nítorí pé mo wà níbẹ̀. Ọmọ mi á na ara rẹ̀ sórí àpò gígékù aṣọ, á sùn lọ fọnfọn. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lálẹ́, tí gbogbo wọn bá ti lọ, tí òjò bá ṣú, òun náà ló ń dìde láìjẹ́ pé mo rán an. Á mú tọ́ọ̀ṣì, á lọ wò ó bóyá wọ́n fi ọ̀rá bo àwọn máṣíìnì.